Ìwakọ̀ níwàkuwà láàárín àwọn ọ̀dọ́ awakọ̀ tuntun lábẹ́ òfin Brítéènì

Ìwakọ̀ níwàkuwà láàárín àwọn ọ̀dọ́ awakọ̀ tuntun jẹ́ ẹ̀ṣẹ̀ tí òfin ilẹ̀ Brítéènì, ìyẹn Ínglándì, Wales àti Skọ́tlándì, fi ọwọ́ líle mú. Ẹni tí òfin náà ń pè ní awakọ̀ tuntun ni ẹni tí kò tíì pé ọdún 2 tí ó yege nínú ìdánwò ìwakọ̀ rẹ̀ àkọ́kọ́. Bí irú ẹni bẹ́ẹ̀ bá ṣẹ̀ láàárín ọdún 2 yìí títí tí póìǹtì ìjìyà rẹ̀ fi pé 6, a ó wọ́gi lé ìwé àṣẹ ìwakọ̀ rẹ̀, yóò sì padà di akẹ́kọ̀ọ́. Fún awakọ̀ tí ó ti pẹ́ lójú pópó, póìǹtì 12 láàárín ọdún 3 ni ó ń mú ìfòfindè wá. Bí ìwakọ̀ eléwu bá sì mú ẹ̀mí lọ, ìjìyà tí ó ga jù lọ ni ẹ̀wọ̀n gbére.

Ìlànà méjì ni ó gbé òfin yìí ró. Èkíní ni pé òṣùwọ̀n kan náà ni a fi ń wọn ìwakọ̀ ẹni tí ó gba ìwé àṣẹ lánàá àti ti ẹni tí ó ti ń wakọ̀ láti 30 ọdún sẹ́yìn. Àìnírìírí kì í ṣe àwáwí. Èkejì ni pé ìwọ̀n àṣìṣe tí a lè fara dà fún awakọ̀ tuntun kò ju ìdajì ti ògbólógbòó awakọ̀ lọ.

Ìtumọ̀

Òfin Ìrìnnà Ojú Pópó ti ọdún 1988, pẹ̀lú àwọn àtúnṣe tí a ti ṣe sí i, ya ìwakọ̀ búburú sí ọ̀nà méjì pàtàkì: ìwakọ̀ eléwu àti ìwakọ̀ àìbìkítà.

Ìwakọ̀ eléwu ni èyí tí ó jìnnà púpọ̀ sí ohun tí a lè retí lọ́wọ́ awakọ̀ tí ó mọ iṣẹ́ rẹ̀ tí ó sì ń ṣọ́ra, tí ó sì hàn gbangba sí irú awakọ̀ bẹ́ẹ̀ pé ewu wà níbẹ̀. Lára àpẹẹrẹ rẹ̀ ni eré àsápajúdé, fífi ọkọ̀ bá ẹlòmíràn díje lójú pópó, yíya ọkọ̀ mìíràn sílẹ̀ níbi tí a kò ti lè rí iwájú, àti mímọ̀ọ́mọ̀ kọjá nígbà tí iná adaríọkọ̀ pọ́n. Ọkọ̀ fúnra rẹ̀ lè sọ ìwakọ̀ di eléwu: ẹni tí ó mọ̀ pé bíréèkì ọkọ̀ òun kò ṣiṣẹ́ dáadáa, tí ó sì gbé e jáde, lè jẹ́bi ẹ̀ṣẹ̀ yìí bí ó tilẹ̀ rọra wà á.

Ìwakọ̀ àìbìkítà ni èyí tí ó rẹlẹ̀ sí ohun tí a lè retí lọ́wọ́ awakọ̀ tí ó mọ iṣẹ́ tí ó sì ń ṣọ́ra, ṣùgbọ́n tí kò jìnnà sí i púpọ̀. Sísún mọ́ ẹ̀yìn ọkọ̀ iwájú jù, tàbí gbígbé ojú kúrò lójú ọ̀nà láti tún rédíò ṣe, jẹ́ àpẹẹrẹ rẹ̀. Ìyàtọ̀ tí ó wà láàárín méjèèjì ni ọ̀pọ̀ ẹjọ́ máa ń dá lé lórí, nítorí òun ni ó ń ya owó ìtanràn sọ́tọ̀ kúrò lára ẹ̀wọ̀n.

Ìtàn

Òfin Ọkọ̀ ti ọdún 1903 ni ó kọ́kọ́ sọ ìwakọ̀ níwàkuwà di ẹ̀ṣẹ̀ ní Brítéènì. Òfin yìí kan náà ni ó sọ ọ́ di dandan fún awakọ̀ láti ní ìwé àṣẹ, tí ó sì fi ọdún 17 ṣe ọjọ́ orí tí ó kéré jù lọ fún ẹni tí yóò wa ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́. Ṣùgbọ́n kò sí ìdánwò kankan nígbà náà. Ẹni tí ó bá ti san owó ni ó ń gba ìwé náà. Oṣù Kẹfà ọdún 1935 ni ìdánwò ìwakọ̀ di dandan. Ní ọdún 1996 ni a fi ìdánwò ìmọ̀ òfin ojú pópó kún un gẹ́gẹ́ bí ìdánwò ọ̀tọ̀, nígbà tí ó sì di ọdún 2002, a fi apá kan kún un tí ń dán bí ènìyàn ti ń tètè rí ewu wò.

Ní ti ìjìyà, ọdún 1956 ni òfin kọ́kọ́ dá ẹ̀ṣẹ̀ ọ̀tọ̀ sílẹ̀ fún ẹni tí ìwakọ̀ rẹ̀ bá pa ènìyàn. Ṣáájú ìgbà náà, ẹ̀sùn ìpànìyàn ni a ń fi kan irú awakọ̀ bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n àwọn ìgbìmọ̀ adájọ́ ará ìlú máa ń lọ́ra láti dá a lẹ́bi, nítorí pé ọ̀pọ̀ nínú wọn jẹ́ awakọ̀ fúnra wọn.

Orúkọ náà "ìwakọ̀ níwàkuwà" wà nínú ìwé òfin títí di ọdún 1992. Láti dá ènìyàn lẹ́bi nígbà náà, ilé ẹjọ́ ní láti wo ọkàn awakọ̀: ṣé ó mọ̀ pé ewu wà tí ó sì kọ etí ikún sí i, tàbí kò tilẹ̀ ronú kan ewu tí ó hàn kedere? Òfin Ìrìnnà ti ọdún 1991, tí ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní oṣù Keje ọdún 1992, fi ìwakọ̀ eléwu rọ́pò rẹ̀. Láti ìgbà náà, bí a ti wa ọkọ̀ náà gan-an ni ilé ẹjọ́ ń yẹ̀ wò. Ìyípadà yìí kan ọ̀dọ́ awakọ̀ gidigidi, nítorí "n kò mọ̀ pé ewu wà níbẹ̀" kò lè gbà á sílẹ̀ mọ́ níbi tí awakọ̀ tí ó ń ṣọ́ra ìbá ti mọ̀.

Òṣùwọ̀n kan fún gbogbo awakọ̀

Pé òfin kò ní òṣùwọ̀n ọ̀tọ̀ fún ẹni tí kò tíì mọ ọkọ̀ wà dáadáa kì í ṣe ohun tuntun. Nínú ẹjọ́ McCrone v Riding ti ọdún 1938, ẹni tí a fi ẹ̀sùn ìwakọ̀ àìbìkítà kàn jẹ́ akẹ́kọ̀ọ́. Àwọn májísíréètì dá a sílẹ̀ nítorí pé ó ti ṣe gbogbo ohun tí agbára rẹ̀ gbé. Ilé ẹjọ́ gíga yí ìdájọ́ náà padà: ìtọ́jú tí òfin ń béèrè lọ́wọ́ awakọ̀ kò yí padà nítorí pé ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ṣẹ́.

Ilé Ẹjọ́ Kò-tẹ́-mi-lọ́rùn fìdí ìlànà kan náà múlẹ̀ ní ọdún 1971 nínú ẹjọ́ Nettleship v Weston, tí ó jẹ́ ẹjọ́ owó gbà-má-bínú. Obìnrin kan tí ó ń kọ́ ìwakọ̀ fi ọkọ̀ kọlu òpó iná, ẹni tí ó ń kọ́ ọ sì fi ara pa ní orúnkún. Adájọ́ Denning àti ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ pinnu pé òṣùwọ̀n awakọ̀ tí ó mọ iṣẹ́ ni a óò fi wọn akẹ́kọ̀ọ́ náà. Ìdí rẹ̀ ni pé ẹni tí ọkọ̀ gbá kò ní ipa nínú bí awakọ̀ ti ní ìrírí tó. Ìpalára kan náà ni ó ń jẹ.

Òfin Àwọn Awakọ̀ Tuntun ti ọdún 1995

Òfin yìí bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọjọ́ 1 oṣù Kẹfà ọdún 1997. Ó dá sáà àyẹ̀wò ọdún 2 sílẹ̀ fún gbogbo ẹni tí ó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ yege. Kì í ṣe ọjọ́ orí ni ó ń tẹ̀ lé. Ẹni ọdún 17 àti ẹni ọdún 50 tí wọ́n yege ní ọjọ́ kan náà ni ó kàn bákan náà. Ṣùgbọ́n nítorí pé ìgbà ọ̀dọ́ ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ń gba ìwé àṣẹ, àwọn ọ̀dọ́ ni ó ń mú jù lọ.

Bí póìǹtì ìjìyà bá pé 6 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, DVLA, àjọ tí ń ṣàkóso ìwé àṣẹ ìwakọ̀ láti ìlú Swansea ní Wales, yóò wọ́gi lé ìwé àṣẹ náà. Adájọ́ kò ní àǹfààní láti ṣàánú lórí èyí. Ògbólógbòó awakọ̀ tí póìǹtì rẹ̀ pé 12 lè bẹ ilé ẹjọ́ pé ìfòfindè yóò kó ìnira tí ó tayọ bá òun tàbí àwọn ará ilé òun. Awakọ̀ tuntun tí a fẹ́ wọ́gi lé ìwé rẹ̀ kò ní irú ẹ̀bẹ̀ bẹ́ẹ̀. Iṣẹ́ tí yóò bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ tàbí ilé ẹ̀kọ́ tí ó jìnnà kò lè dá a dúró.

Ohun mẹ́ta ni àwọn awakọ̀ tuntun sábà máa ń ṣì gbọ́ nípa òfin yìí. Àkọ́kọ́, ọjọ́ tí a ṣẹ̀ ni a ń kà, kì í ṣe ọjọ́ ìdájọ́. Ẹni tí ó ṣẹ̀ nígbà tí ó ku ọ̀sẹ̀ kan kí ọdún 2 rẹ̀ pé kò lè bọ́ nítorí pé ẹjọ́ rẹ̀ wáyé lẹ́yìn oṣù mẹ́ta. Ìkejì, póìǹtì tí ènìyàn gbà nígbà tí ó ń kọ́ṣẹ́, bí kò bá tíì kúrò nílẹ̀, yóò bá a lọ sínú ìwé àṣẹ tuntun. Ẹni tí ó ti ní 3 láti ìgbà náà kò nílò ju 3 mìíràn lọ kí ìwé rẹ̀ tó lọ. Ìkẹta, wíwọ́gi lé ìwé kò pa póìǹtì rẹ́. Bí ó bá tún yege, àwọn póìǹtì náà yóò ṣì wà níbẹ̀ títí àkókò wọn yóò fi pé.

Àwọn ẹ̀ṣẹ̀ tí ó sábà ń mú awakọ̀ tuntun pàdánù ìwé àṣẹ nìyí:

• Lílo fóònù tí a fi ọwọ́ dì mú nígbà tí a ń wakọ̀: póìǹtì 6 àti owó ìtanràn £200. Láti oṣù Kẹta ọdún 2017 ni póìǹtì rẹ̀ ti di 6, èyí tí ó túmọ̀ sí pé ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ti tó. Ní oṣù Kẹta ọdún 2022, a fẹ òfin náà lójú kí ó lè kan fọ́tò yíyà, eré ṣíṣe àti orin yíyàn lórí fóònù.
• Wíwakọ̀ láìní adójútòfò: ó kéré tán, póìǹtì 6. Bí ọ̀ràn náà kò bá dé ilé ẹjọ́, owó ìtanràn rẹ̀ jẹ́ £300.
• Eré tí ó kọjá ìwọ̀n: póìǹtì 3 àti £100 fún èyí tí kò le jù, bí eré náà bá pọ̀, ilé ẹjọ́ lè fún un ní póìǹtì 6 tàbí kí ó fòfin dè é.
• Kíkọjá nígbà tí iná pọ́n: póìǹtì 3.
• Ìwakọ̀ àìbìkítà: láti póìǹtì 3 dé 9.

Fún eré tí ó fi díẹ̀ kọjá ìwọ̀n, ọlọ́pàá lè fún awakọ̀ ní àǹfààní láti lọ gba ìdánilẹ́kọ̀ọ́ dípò póìǹtì, bí kò bá tíì gba irú rẹ̀ láàárín ọdún 3 sẹ́yìn. Ẹ̀tọ́ kọ́ ni. Ọwọ́ ọlọ́pàá ni ó wà.

Ìyàtọ̀ láàárín ìwọ́gilé àti ìfòfindè

Ẹni tí a wọ́gi lé ìwé rẹ̀ kì í ṣe ẹni tí a fòfin dè. Ó lè tọrọ ìwé àṣẹ akẹ́kọ̀ọ́ padà, kí ó lẹ àmì L mọ́ ọkọ̀, kí ó sì máa wakọ̀ pẹ̀lú ẹni tí ó ti pé ọdún 21, tí ó sì ti ní ìwé àṣẹ fún ọdún 3, ní ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Yóò tún ṣe ìdánwò méjèèjì láti ìbẹ̀rẹ̀, yóò sì tún san owó wọn. Nígbà tí ó bá yege, kò sí sáà àyẹ̀wò mìíràn fún un. Bí ó bá pe ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn lórí ẹ̀ṣẹ̀ tí ó mú kí a wọ́gi lé ìwé náà, òfin gbà kí a dá a padà fún un títí ẹjọ́ náà yóò fi parí.

Ìfòfindè yàtọ̀ sí èyí. Ẹni tí ilé ẹjọ́ fòfin dè kò gbọdọ̀ wakọ̀ rárá, bí olùkọ́ tilẹ̀ jókòó tì í. Nítorí pé ilé ẹjọ́ kì í fún ènìyàn ní póìǹtì fún ẹ̀ṣẹ̀ kan náà tí ó tìtorí rẹ̀ fòfin dè é, àwọn awakọ̀ tuntun kan máa ń bẹ̀bẹ̀ pé kí a fòfin de àwọn fún ọjọ́ díẹ̀ kí ìwé àṣẹ àwọn má baà lọ. Ìlànà ìdájọ́ ní Ínglándì àti Wales kìlọ̀ fún àwọn májísíréètì pé kò tọ́, ní gbogbogbòò, láti gba irú ẹ̀bẹ̀ bẹ́ẹ̀, nítorí yóò sọ ète Ilé Ìgbìmọ̀ Aṣòfin di asán.

Ẹni tí ó bá ń dá wakọ̀ lẹ́yìn tí a ti wọ́gi lé ìwé rẹ̀ ti dá ẹ̀ṣẹ̀ mìíràn. Adójútòfò rẹ̀ lè má bo ọkọ̀ náà mọ́, ọlọ́pàá sì ní agbára láti gba ọkọ̀ náà lójú ẹsẹ̀.

Ìjìyà fún àwọn ẹ̀ṣẹ̀ ńlá

Nígbà tí ìwakọ̀ bá jẹ́ eléwu, tàbí tí ó bá ṣe ènìyàn lọ́ṣẹ́, ọ̀rọ̀ kọjá póìǹtì. Ìjìyà tí ó ga jù lọ fún àgbàlagbà nìyí:

• Ìwakọ̀ eléwu tí kò pa ẹnikẹ́ni lára: ẹ̀wọ̀n ọdún 2.
• Fífi ìwakọ̀ eléwu ṣe ènìyàn ní ìpalára ńlá: ẹ̀wọ̀n ọdún 5. Ọdún 2012 ni a dá ẹ̀ṣẹ̀ yìí sílẹ̀.
• Fífi ìwakọ̀ eléwu fa ikú: ẹ̀wọ̀n gbére.
• Fífi ìwakọ̀ àìbìkítà ṣe ènìyàn ní ìpalára ńlá: ẹ̀wọ̀n ọdún 2.
• Fífi ìwakọ̀ àìbìkítà fa ikú: ẹ̀wọ̀n ọdún 5.
• Fífi ìwakọ̀ àìbìkítà fa ikú nígbà tí ọtí tàbí oògùn olóró ń pa awakọ̀: ẹ̀wọ̀n gbére.

Ọjọ́ 28 oṣù Kẹfà ọdún 2022 ni ìjìyà fún fífi ìwakọ̀ eléwu fa ikú kúrò ní ọdún 14 tí ó sì di ẹ̀wọ̀n gbére. Ọjọ́ náà gan-an ni fífi ìwakọ̀ àìbìkítà ṣe ènìyàn ní ìpalára ńlá di ẹ̀ṣẹ̀ ọ̀tọ̀. Ṣáájú rẹ̀, ẹni tí àìbìkítà rẹ̀ sọ ẹlòmíràn di arọ kò ní ju owó ìtanràn àti póìǹtì tàbí ìfòfindè lọ.

Gbogbo ẹ̀ṣẹ̀ mẹ́fẹ̀ẹ̀fà yìí ni ó ní ìfòfindè dandan. Fún ìwakọ̀ eléwu lásán, kò gbọdọ̀ dín ní oṣù 12. Fún èyí tí ó fa ikú, kò gbọdọ̀ dín ní ọdún 5. Ẹni tí ó jẹ́bi ìwakọ̀ eléwu yóò tún ṣe ìdánwò ìwakọ̀ kan tí ó gùn ju ti àtẹ̀yìnwá lọ kí ó tó tún lè gba ìwé àṣẹ. Bí a bá rán an lọ sí ẹ̀wọ̀n, a ó fi kún àkókò ìfòfindè náà, kí ó má baà parí nígbà tí ó ṣì wà nínú ẹ̀wọ̀n.

Ní ti ọtí, òfin Ínglándì àti Wales gba 80 mílígíráàmù nínú 100 mílílítà ẹ̀jẹ̀. Skọ́tlándì dín tirẹ̀ kù sí 50 ní oṣù Kejìlá ọdún 2014. Ẹni tí ó bá kọjá ìwọ̀n yìí yóò gba ìfòfindè tí kò dín ní oṣù 12, bí kò tilẹ̀ kọlu ohunkóhun.

Ọjọ́ orí àti ìdájọ́

Bí àìnírìírí kò tilẹ̀ lè sọ ẹlẹ́bi di aláre, ọjọ́ orí lè dín ìjìyà kù. Ibi méjì ọ̀tọ̀tọ̀ ni èyí: ìbéèrè bóyá awakọ̀ jẹ́bi, àti ìbéèrè bí ìjìyà rẹ̀ yóò ti tó. Nínú ti àkọ́kọ́, ọjọ́ orí kò ní ipa. Nínú ti èkejì, adájọ́ lè gbé e yẹ̀ wò bóyá ọkàn ẹni náà ti dàgbà tó láti ro ohun tí yóò ti ẹ̀yìn ìwà rẹ̀ yọ.

Ní Ínglándì àti Wales, ilé ẹjọ́ àwọn ọ̀dọ́ ni ó ń gbọ́ ọ̀pọ̀ ẹjọ́ àwọn tí kò tíì pé ọdún 18, ṣùgbọ́n ẹ̀sùn tí ó wúwo bí ìwakọ̀ eléwu tí ó fa ikú lè lọ sí Crown Court. Àwọn tí ó wà láàárín ọdún 18 àti 20 máa ń ṣe ẹ̀wọ̀n wọn lábẹ́ ètò tí a yà sọ́tọ̀ fún ọ̀dọ́. Ní Skọ́tlándì, ìlànà ìdájọ́ fún àwọn ọ̀dọ́, tí ó bẹ̀rẹ̀ ní oṣù Kìíní ọdún 2022, kan gbogbo ẹni tí kò tíì pé ọdún 25, ó sì fi àtúnṣe ìwà sí iwájú.

Ní ìdà kejì, àwọn ohun kan wà tí ó ń mú kí ìjìyà le sí i, ó sì ṣẹlẹ̀ pé ó wọ́pọ̀ nínú ìwakọ̀ àwọn ọ̀dọ́: bíbá ọ̀rẹ́ díje, fífi fóònù ya fídíò ara ẹni, àti kíkó èrò sínú ọkọ̀ tí wọ́n sì fi ara pa. Ọ̀pọ̀ ìgbà ni ó jẹ́ pé ọ̀rẹ́ tàbí àbúrò awakọ̀ ni ẹni tí ó kú. Adájọ́ lè ka ìbànújẹ́ awakọ̀ sí, ṣùgbọ́n ìbátan yìí kò pa ẹ̀ṣẹ̀ náà rẹ́.

Adójútòfò

Adójútòfò, tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ń pè ní ìnṣọ́ránsì, ti jẹ́ dandan fún ọkọ̀ ní Brítéènì láti ìgbà Òfin Ìrìnnà ti ọdún 1930. Nítorí pé owó tí ọ̀dọ́ awakọ̀ ń san pọ̀ ju ti àgbà lọ, àwọn òbí kan máa ń fi orúkọ ara wọn sílẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ẹni tí ń wa ọkọ̀ náà jù lọ, nígbà tí ó jẹ́ pé ọmọ ni ó ni í. Ẹ̀tàn ni èyí lójú òfin. Bí ìjàǹbá bá ṣẹlẹ̀, ilé iṣẹ́ adójútòfò lè sọ àdéhùn náà di asán, a sì lè fi ẹ̀sùn wíwakọ̀ láìní adójútòfò kan ọmọ náà. Póìǹtì 6 tí ó bá a rìn yóò wọ́gi lé ìwé àṣẹ rẹ̀. Ìrànlọ́wọ́ tí òbí rò pé òun ṣe ti di ohun tí ó gba ọkọ̀ lọ́wọ́ ọmọ.

Ẹni tí ọkọ̀ aláìní adójútòfò bá pa lára lè gba owó ìtọ́jú lọ́wọ́ Motor Insurers' Bureau, tí a dá sílẹ̀ ní ọdún 1946. Àjọ náà lè padà bèèrè owó yìí lọ́wọ́ awakọ̀ tí ó jẹ̀bi, gbèsè náà sì lè bá a fún ọ̀pọ̀ ọdún.

Àwọn tí ó ti ilẹ̀ òkèèrè wá

Òfin àwọn awakọ̀ tuntun kan ọ̀pọ̀lọpọ̀ Yorùbá tí ń gbé ní Brítéènì ní ọ̀nà tí wọn kì í sábà retí. Ẹni tí ó ní ìwé àṣẹ Nàìjíríà lè fi wa ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ fún oṣù 12 láti ìgbà tí ó di olùgbé ibẹ̀. Lẹ́yìn náà, ó gbọ́dọ̀ gba ìwé àṣẹ akẹ́kọ̀ọ́, kí ó sì yege nínú ìdánwò méjèèjì. South Africa àti Zimbabwe wà lára àwọn orílẹ̀-èdè tí a lè fi ìwé àṣẹ wọn ṣe pàṣípààrọ̀ láìṣe ìdánwò. Nàìjíríà kò sí lára wọn. Nítorí náà, ẹni tí ó ti wakọ̀ fún 20 ọdún láàárín Ìbàdàn àti Èkó yóò di awakọ̀ tuntun lọ́jọ́ tí ó bá yege ní London, póìǹtì 6 sì tó láti gba ìwé náà lọ́wọ́ rẹ̀.

Ewu mìíràn tún wà fún ẹni tí kì í ṣe ọmọ ìlú. Lábẹ́ Òfin Ààlà Ilẹ̀ ti ọdún 2007, ẹni tí kì í ṣe ọmọ orílẹ̀-èdè Brítéènì tí a dá ẹ̀wọ̀n oṣù 12 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ fún wà lábẹ́ àṣẹ ìlékúrò nílùú, àfi bí ọ̀kan nínú àwọn àyọkúrò tí òfin náà kà sílẹ̀ bá kàn án. Ọ̀kan nínú àwọn àyọkúrò wọ̀nyí ni pé kí ó má tíì pé ọdún 18 nígbà tí a dá a lẹ́bi. Ọ̀dọ́ tí a gbé wá sí Brítéènì ní kékeré, tí ó dàgbà síbẹ̀ ṣùgbọ́n tí kò gba ìwé ọmọ ìlú, lè tipa ìwakọ̀ eléwu kan pàdánù ilẹ̀ tí ó mọ̀ sí ilé.

Àfiwé pẹ̀lú àwọn ilẹ̀ mìíràn

Àwọn orílẹ̀-èdè kan kò dúró de ẹ̀ṣẹ̀ kí wọ́n tó ṣọ́ awakọ̀ tuntun. New Zealand bẹ̀rẹ̀ ètò ìwé àṣẹ onípele ní ọdún 1987: ẹni tí ó wà ní ìpele àárín kò gbọdọ̀ dá wakọ̀ láàárín agogo 10 alẹ́ àti agogo 5 òwúrọ̀, kò sì gbọdọ̀ gbé èrò láìsí ẹni tí ń bójú tó o. Jámánì ti ní sáà àyẹ̀wò ọdún 2 láti ọdún 1986. Ẹni tí ó bá dá ẹ̀ṣẹ̀ ńlá nínú rẹ̀ yóò gba ìdánilẹ́kọ̀ọ́, sáà náà yóò sì di ọdún 4. Láti ọdún 2007, àwọn awakọ̀ tuntun àti àwọn tí kò tíì pé ọdún 21 kò gbọdọ̀ mu ọtí rárá kí wọ́n tó wakọ̀ níbẹ̀. Ní ilẹ̀ Faransé, póìǹtì 6 ni awakọ̀ tuntun fi ń bẹ̀rẹ̀ nígbà tí ti ògbólógbòó jẹ́ 12. A ń yọ nínú wọn bí ó bá ṣẹ̀. Ní Àríwá Írẹ́lándì, tí ó ní òfin tirẹ̀, àmì R ni awakọ̀ tuntun ń lẹ̀ mọ́ ọkọ̀ fún ọdún kan.

Ní Nàìjíríà, ọdún 18 ni ọjọ́ orí tí ènìyàn lè gba ìwé àṣẹ ìwakọ̀. Àjọ ẹ̀ṣọ́ ojú pópó, FRSC, tí a dá sílẹ̀ ní ọdún 1988 tí Wọlé Ṣóyínká sì jẹ́ alága rẹ̀ àkọ́kọ́, ni ó ń ṣe ìwé náà jáde.

Àríyànjiyàn

Ọ̀pọ̀ ọdún ni àwọn ìdílé tí ọmọ wọn kú nínú ìjàǹbá ọkọ̀ àti àwọn ẹgbẹ́ ààbò ojú pópó ti ń ké sí ìjọba Brítéènì pé kí ó gba ètò onípele bíi ti New Zealand. Èrò wọn ni pé ìjìyà ń dé lẹ́yìn tí ọ̀ràn ti bàjẹ́, nígbà tí ìdíwọ́ lórí wíwakọ̀ lóru àti kíkó ọ̀rẹ́ sọ́kọ̀ ìbá ti dènà rẹ̀. Àwọn tí kò fara mọ́ ọn ń sọ pé yóò pa àwọn ọ̀dọ́ ìgbèríko lára, níbi tí bọ́ọ̀sì kò pọ̀ tí iṣẹ́ alẹ́ sì wà, àti pé yóò ṣòro fún ọlọ́pàá láti mọ ọjọ́ orí èrò inú ọkọ̀ tí ń kọjá lọ.

Àríyànjiyàn mìíràn dá lórí ẹ̀wọ̀n. Àwọn kan gbà pé ẹ̀wọ̀n gbére fi hàn pé ẹ̀mí tí ọkọ̀ gbà kò rẹlẹ̀ sí èyí tí ọ̀bẹ gbà. Àwọn mìíràn ń bèèrè bóyá ẹni ọdún 18 tí ó ń sáré ní òru Sátidé ń ronú kan iye ọdún ẹ̀wọ̀n, tí wọ́n sì gbà pé ìbẹ̀rù pé ọwọ́ yóò tètè tẹ òun ni ó ń kó ọ̀dọ́ níjàánu ju bíburú ìjìyà lọ. Ìlànà póìǹtì 6 wà láàárín èrò méjèèjì: kò wúwo bí ẹ̀wọ̀n, ṣùgbọ́n ó yára, ó dájú, ó sì ń dé bá awakọ̀ nígbà tí ẹ̀ṣẹ̀ rẹ̀ ṣì kéré.